Iná tó ń tàn lẹ́yìn ìlù: bí mo ṣe tú ẹ̀rọ theta wa palẹ̀ tí mo tún un tò

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Ó ń gbọ́ ìlù tó ń lọ nínú ọpọlọ eku, tí ìlù náà bá ti dé ibi tá a fẹ́, á tan iná fìrí sínú ọpọlọ náà, á sì pa á. Kò ju ìyẹn lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi tò ó, ó sì ti bá wa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó rí i pé ibi tá a rò pé iná ń bọ́ sí kọ́ ló ń bọ́ sí, ni mo bá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Mo ń kọ ọ́ síbí bó ṣe ṣẹlẹ̀ torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì ń bọ̀ tó máa to irú ẹ̀, àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ò sì kí ń pariwo, ńṣe ló máa jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́ tí gbogbo nǹkan á máa rí bíi pé ó dáa.

Ìlù wo là ń sọ? Nínú hippocampus, ibi tí ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ara wà tó sì fi ń rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìgbì kan wà tí wọ́n ń pè ní theta. Eku bá ti ń rìn, tó ń fi irun imú yẹ nǹkan wò, tó ń na ọrùn wo ọ̀nà tó fẹ́ gbà, ìgbì yẹn á bẹ̀rẹ̀, bíi ìgbà 6 sí 10 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, á máa lọ geere, ó dọ́gba débi pé ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ọpọlọ pàápàá á rí i lójú síkíríìnì pé nǹkan ń lù níbẹ̀. Kí eku dúró jẹun tàbí kó sùn oorun tí kò sí àlá nínú ẹ̀, theta á pòórá, àwọn ìgbì kéékèèké tó yára gan-an, 150 sí 250 Hz (Hz ni iye ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan), tí wọ́n ń pè ní ripple, á máa bọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ripple ń ṣiṣẹ́ ńlá tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìrántí, àmọ́ theta la bá wá síbí.

Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń rí i pé theta àti ẹ̀kọ́ jọ ń rìn. Green àti Arduini ti kọ nípa ẹ̀ láti 1954, wọ́n rí i lára ehoro. Lọ́dún 1978, Berry àti Thompson ń kọ́ ehoro pé tó bá ti gbọ́ ohùn kan kó ṣẹ́jú, torí atẹ́gùn á fẹ́ sójú ẹ̀ lẹ́yìn ohùn yẹn. Wọ́n wo ìgbì hippocampus ehoro kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìgbì yẹn sì ti sọ èyí tó máa tètè mọ̀ ọ́n àtèyí tó máa pẹ́. Ọdún yẹn náà ni Winson ba medial septum jẹ́ nínú ọpọlọ eku, ibẹ̀ ni ìlù náà ti ń gba àṣẹ, theta lọ, eku ò sì rántí ibi tó yẹ kó lọ mọ́. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Huerta àti Lisman, 1995. Awẹ́ hippocampus tín-ín-rín tí wọ́n gbé sínú omi ni wọ́n lò, wọ́n ta iná mànàmáná sí i. Iná kan náà ni o, agbára kan náà. Tó bá bọ́ sórí ṣóńṣó ìgbì, ìsopọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì á le sí i, tó bá bọ́ sí kòtò ìgbì, ìsopọ̀ tó ti le tẹ́lẹ̀ á dẹ̀. Lọ́dún 2014 Siegle àti Wilson wá gbé e dé ara eku tó ń rìn nínú àpótí, wọ́n ń fi iná tó ń mọ́lẹ̀, kì í ṣe mànàmáná, ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pa àwọn tó kù lẹ́nu mọ́ ní CA1, apá kan nínú hippocampus. Bí iná bá bọ́ sórí ṣóńṣó nígbà tí eku ń gba ẹ̀kọ́ sórí, ó ṣe dáadáa sí i. Nígbà tó bá wá ń fa ẹ̀kọ́ yẹn jáde láti lò ó, kòtò ni iná gbọ́dọ̀ bọ́ sí kó tó ṣe dáadáa.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gbẹgẹ́ tó. Tí eku bá ń sáré díẹ̀, theta ẹ̀ máa ń wà ní bíi 8 Hz, ìgbì kan gba mílísẹ́kọ́ńdì 125. Láti ṣóńṣó dé kòtò, 62 àti ààbọ̀ péré ni. Ẹni tó bá fi 62 pẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe ti yí padà pátápátá, òun fúnra ẹ̀ ò sì ní mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, wáyà ni mò ń lọ́. Nichrome ni, 12.7 máíkírómítà, irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin la máa ń lọ́ mọ́ra kó di ẹyọ kan, òun ni tetrode, tó máa wọ inú ọpọlọ lọ gbọ́ ìgbì náà. Mo máa ń pa fáànù, mo máa ń ti fèrèsé, torí atẹ́gùn tí ẹ ò mọ̀ lára pàápàá á gbé e lọ, tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ẹ má wulẹ̀ wá a. Mo ta aṣọ dúdú sẹ́yìn ẹ̀, mo gbé iná tábìlì sápá òsì, mágínẹ́ẹ̀tì ń yí i lábẹ́, ó ń dán bí òwú aláǹtakùn tí ìrì sẹ̀ sí, mo kàn ń wò ó ni, mi ò lè mí sókè. Tó bá lọ́ tán mo máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè lẹ̀ mọ́ra. Ibẹ̀ gba sùúrù o, tó bá gbóná jù, ohun tó bo wáyà lára á yọ́, wáyà méjì á fara kanra nínú, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni wúrà. Mo máa ń ti ẹnu wáyà bọ omi wúrà, mo máa ta iná díẹ̀ sí i, wúrà á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ìdènà tó wà ní bíi mẹ́gáómù kan sí méjì á wálẹ̀ sí bíi kílóómù 250. Èyí tó bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, mo máa ń gé ẹnu ẹ̀ díẹ̀ kí n tún un ṣe. Èyí tó bá wálẹ̀ lójijì sí nǹkan bíi 20, wúrà ti so wáyà méjì pọ̀ nìyẹn, mo máa jù ú nù.

Ohun tó ń gbé wáyà lọ sísàlẹ̀ ní síkúrù M1 nínú, eyín ẹ̀ fi máíkírómítà 250 jìnnà síra, tí mo bá yí i ní ìdá mẹ́rin yípo kan, wáyà á sọ̀ ní 62 àti díẹ̀. Mi ò jẹ́ kí gbogbo ẹrù orí eku ju gíráàmù 3 lọ, torí eku fúnra ẹ̀ ò ju bíi 25 lọ, èmi ò sì fẹ́ kó máa gbé orí lọ bí ẹni ru ẹrù. Iṣẹ́ abẹ, ọ̀gá wa ló ṣe é, oògùn oorun pé, oògùn ìrora pé, eku sì sinmi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó wọ inú àpótí.

Kí n sọ ti ìjìnlẹ̀ wáyà kó tó bọ́ lọ́kàn mi. Theta ò ní ṣóńṣó kan tó jẹ́ ti gbogbo ibi. Bí wáyà bá ṣe ń kúrò ní ipele tí àwọn sẹ́ẹ̀lì CA1 to sí, tó ń lọ sísàlẹ̀, ìgbì náà á máa yí díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé nísàlẹ̀ pátápátá ṣóńṣó tòkè ti di kòtò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sọ pé "orí ṣóńṣó", ẹ gbọ́dọ̀ sọ ṣóńṣó ibo. Ripple ni mo fi ń mọ ibi tí mo wà: tí eku bá sinmi, mo máa ń yí síkúrù díẹ̀, mo máa dúró di ọjọ́ kejì, ibi tí ripple ti ga jù ni ipele àwọn sẹ́ẹ̀lì. Mi ò sì yí i mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ariwo nínú signal. Theta wà níbẹ̀, mo ń rí i, àmọ́ 50 Hz ti iná ilé ti bò ó bí ẹni da aṣọ bo fìtílà. Mo pa iná àjà, ariwo ò lọ. Mo yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná kó máa lo bátìrì, ariwo dín díẹ̀. Ìyẹn ló tọ́ka ibi tí màá wò. Àpótí irin tí eku wà nínú ẹ̀ ní wáyà earth tiẹ̀ tó lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara tábìlì, kọ̀ǹpútà náà ní tiẹ̀ tó gba inú chájà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, wáyà headstage, ẹ̀rọ kékeré orí eku tó ń gba signal, sì so àwọn méjèèjì pọ̀ láàárín, ó wá di òrùka ńlá kan tó ń gba iná ilé bí èrìyà ṣe ń gba rédíò. Mo gé ọ̀kan kúrò, mo so gbogbo nǹkan mọ́ ojú kan ṣoṣo, ariwo wálẹ̀ wìì. Ó ku eku kan tí tiẹ̀ ò lọ. Mo wọ̀n ìdènà láàárín síkúrù earth tó wà lágbárí ẹ̀ àti síkúrù kejì, nọ́ńbà ń fò sókè sódò tí mo bá fọwọ́ kan wáyà. Sọ́dà ló tutù, òkè ló ti mú, abẹ́ ò mú. Mo tún un jó lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Àwọn kan á ní kí n kàn fi asẹ́ (filter) tó ń yọ 50 Hz kúrò sínú kóòdù kí n máa lọ. Mi ò fara mọ́ ọn. Ariwo tó bá ti kún ámpílífáyà dé ẹnu, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti sọnù, asẹ́ wo ló fẹ́ dá a padà?

Ariwo kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ torí ó jọ òótọ́. Mílíìkì la fi ń yin eku tó bá yan ọ̀nà tó tọ́, ẹnu irin kékeré ló sì ti ń lá a. Eku bá ń lá nǹkan, ahọ́n ẹ̀ máa ń jáde bíi ìgbà 7 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ìgbà 7! Àárín theta gan-an. Ahọ́n bá ti kan irin, iná díẹ̀ á gba ara eku kọjá sí earth, ìgbì rèǹtẹ̀rente á hàn lójú síkíríìnì, ẹ̀rọ á máa tan iná sí i, eku sì dúró sójú kan ni, kò rìn rárá. Mo yọ irin kúrò, mo fi rọ́bà sí i, mo wá fi ìtànṣán tí ahọ́n ń gé kọjá ka lílá dípò iná mànàmáná, mo sì kọ ọ́ sínú kóòdù pé tí eku bá ń lá nǹkan, iná ò gbọ́dọ̀ tàn.

Lẹ́yìn ìyẹn gbogbo nǹkan dáa. Eku mẹ́fà la kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lójoojúmọ́, tó fi mọ́ ọjọ́ Sunday. Mo máa ń ṣí fáìlì lálẹ́, theta á wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó gba inú asẹ́ kọjá, àmì iná á jókòó sórí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, tẹ́ẹ́, tẹ́ẹ́, tẹ́ẹ́, ó lẹ́wà lójú mi.

Àbúrò tó ń bá wa tọ́jú àwọn eku ló béèrè ìbéèrè tó tú gbogbo ẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo síkíríìnì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún wa pé ìgbà yìí gan-an ni iná tàn?"

Mo ní sọ́fítíwíà ló kọ ọ́.

Ó ní, "Ṣé sọ́fítíwíà rí iná ọ̀hún ni?"

Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn. Òótọ́ ni, sọ́fítíwíà ò rí nǹkan kan. Ohun tó ń kọ sílẹ̀ ni ìgbà tó *pinnu* pé ó yẹ kí iná tàn, ó sì ń kọ ọ́ sórí ìgbì tó ti gba inú asẹ́ tiẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá pẹ́ dé òde, tí aago ọwọ́ ẹ̀ náà sì pẹ́, á máa rò pé òun dé lásìkò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé ẹ̀rọ tó ń ṣe ìgbì àfọwọ́dá wá, mo tò ó sí 8 Hz, fóòtì kan. Fóòtì kan ti pọ̀ jù fún headstage, torí náà mo fi resistor mẹ́gáómù 1 àti ti óómù 100 pín in, ó di bíi máíkírófóòtì 100, ó sún mọ́ ohun tí ọpọlọ ń fún wa. Mo wá gbé photodiode, ohun kékeré tó ń mọ̀ tí iná bá tàn, síwájú ẹnu fáíbà tí iná ń gbà jáde, mo so òun náà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba signal, kí ìgbì àti iná gidi lè wà nínú fáìlì kan náà lórí aago kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo wò ó.

Iná ń tàn nínú kòtò.

Mo kà á lọ́gọ́rùn-ún ìgbà. Tó bá yá, mílísẹ́kọ́ńdì 46 lẹ́yìn ṣóńṣó. Tó bá pẹ́, 80. Àárín wọn, 63. Mo jókòó, mo ń wo nọ́ńbà yẹn.

Ibi tí 63 ti wá ò le láti rí tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Asẹ́ tí mo kọ, irú tí wọ́n ń pè ní FIR ni, ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn iye ẹyọ signal tó ń rò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ 81, signal tó ń gbà sì jẹ́ ẹyọ 1,000 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Irú asẹ́ yẹn máa ń fi ìdajì gígùn ẹ̀ pẹ́, mílísẹ́kọ́ńdì 40 ti lọ nìyẹn. Èkejì, kọ̀ǹpútà ò kí ń gba signal ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń dúró kí àpò kún kó tó gbé e. Mo ti fi àpò sí 1,024, signal gidi sì ń wá ní 30,000 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, àpò kan gba 34 kó tó kún. Ṣóńṣó tó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àpò á dúró 34, èyí tó bọ́ sí ìparí ò ní dúró rárá, ìdí nìyẹn tó fi ń yàtọ̀. Èyí tó kù, bíi 6, ti wáyà USB àti ti iná fúnra ẹ̀ ni. Ká ní mo wo àwọn fáìlì yẹn pẹ̀lú asẹ́ tó ń lọ síwájú tó tún ń padà sẹ́yìn, tí kò kí ń pẹ́, mi ò bá ti rí i, àmọ́ asẹ́ orí ẹ̀rọ ni mo ń wò ní gbogbo ìgbà torí òun ló wà nítòsí.

Mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn eku yẹn ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ká wá bá a ṣe máa mọ ohun tí wọ́n ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Eku mẹ́fà tó gbé ẹrù sórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò lè kàn pa fáìlì wọn rẹ́. Ọ̀nà tí mo rí, ara ohun tá a ti ń kà sí ìdọ̀tí ló ti wá. Iná bá bọ́ sára irin tó wà nínú omi ara, irin á ta iná mànàmáná díẹ̀, ẹ máa rí i bí ìkọ́ kékeré nínú signal. A ti ń pa á rẹ́ nínú gbogbo àwòrán wa kó má bàa dí wa lójú. Mo padà sí signal àtètèkọ́ṣe tí asẹ́ kankan ò tíì kàn, ìkọ́ wà níbẹ̀! Nínú eku mẹ́rin ó hàn kedere, ìgbà tí iná gidi tàn gan-an ló tọ́ka sí. Nínú méjì tó kù, wáyà jìnnà sí ẹnu fáíbà jù, mi ò rí nǹkan kan tó dá mi lójú, a yọ méjèèjì kúrò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi tún àmì iná gbogbo fáìlì mẹ́rin kọ. Ohun tá a pè ní ṣóńṣó, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ bọ́ sí kòtò tàbí etí kòtò, àwọn kan sì fọ́n káàkiri. A yí orúkọ wọn padà bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe wá kù. Mo sọ àpò di 64, ó wá ń gba bíi mílísẹ́kọ́ńdì 2. Ti asẹ́, mo fi èyí tó kúrú tó sì rọrùn rọ́pò ẹ̀, àárín ẹ̀ wà ní 8 Hz. Irú èyí, tí ìgbì bá ń lọ ní 8 gan-an, ṣóńṣó ẹ̀ ò yẹ̀. Tó bá wá sí 6, asẹ́ á sáré ṣíwájú díẹ̀, tó bá lọ sí 10 á fà sẹ́yìn díẹ̀, mo wọ̀n gbogbo ẹ̀ mo sì kọ ọ́ sínú tébù kan tí kóòdù ń wò. Àmọ́ ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ gan-an ni pé mo fi dídúró de ṣóńṣó sílẹ̀. Oníjó tó mọ ìlù ò kí ń dúró kó gbọ́ ìró tán kó tó gbé ẹsẹ̀, ó ti mọ ibi tí èyí tó ń bọ̀ máa bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe é: tí ìgbì bá ń gòkè tó sì kọjá òdo, ó ku ìdá mẹ́rin ìgbì kan kó dé ṣóńṣó, ní 8 Hz ìyẹn jẹ́ bíi 31. Mo yọ 8 tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ fi ń pẹ́ kúrò, ó ku 23, kóòdù á dúró 23 yẹn, á wá tan iná. Ìgbì mẹ́ta tó ti kọjá ló fi ń mọ bí ìlù ṣe ń yá sí. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá dọ́gba, tàbí wọ́n kéré jù, tàbí eku ń lá nǹkan, kò ní tan iná rárá. Èyí jẹ́ kí iye ìgbà tí iná ń tàn dín kù gan-an, mo sì fara mọ́ ọn.

Ìdánwò pẹ̀lú ìgbì àfọwọ́dá lọ dáadáa jù, kò jọ mí lójú, torí ìgbì yẹn ò kí ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Signal eku gidi tá a ti gbà tẹ́lẹ̀ ni mo tún gba inú ẹ̀rọ kọjá bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáyé. Iná tó pọ̀ jù bọ́ sí ààrin mílísẹ́kọ́ńdì 10 síwájú tàbí sẹ́yìn ṣóńṣó, ìyẹn bíi dígíríì 29 nínú 360. Theta gidi ò sì rí roboto bí ìgbì àfọwọ́dá, apá kan ẹ̀ máa ń ga fíofío ju èkejì lọ, asẹ́ ló ń rún un di roboto, torí náà díẹ̀ nínú 10 yẹn, mi ò rò pé kóòdù kankan lè mú un kúrò.

Photodiode ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ní chánẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ nínú gbogbo fáìlì, àbúrò yẹn ló fi téèpù pupa kọ "INÁ GIDI" sára wáyà ẹ̀. Ní Thursday a gbé eku tuntun wọ inú àpótí, ó rìn dé oríta, ó na imú sọ́tùn-ún, ó na imú sósì, theta gbéra. Chánẹ́ẹ̀lì iná gidi fò sókè, ṣóńṣó wà lábẹ́ ẹ̀. Ìgbì kejì, ṣóńṣó. Ìkẹta, eku dúró họ ara, iná ò tàn. Ní Monday ni ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀.